Fẹ́ńdà Tuntun Lára Èjìká Tí Kò Dùn Ún

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àárẹ̀, mo sì kí ọ kú ìfaradà àwọn ará ìlú ńlá tí wọn kì í kíni. Àlàáfíà ni mo wà, bí a bá yọ ẹ̀yìn mi, orúnkún mi méjèèjì àti ìka tí sípánà bù jẹ kúrò níbẹ̀. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ.

O ṣáà mọ̀ pé ògiri télọ̀ tó múlé gbè wá wó lu ọkọ̀ wa lọ́jọ́ òjò, tí fẹ́ńdà, ìyẹn páànù tó bo táyà iwájú, sì rún bíi bébà. Ìyá rẹ ní ó ti tó gẹ́ẹ́, pé bí mi ò bá tíì tún un ṣe títí di Sátidé, òun á pe ẹni tó ń ra irin àlòkù kó wá wọ́ ọ lọ. Ọkọ̀ tí mo fi gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tó bí ọ! Ni mo bá ní màá tún un ṣe fúnra mi lẹ́yìnkùlé.

Bóòtì méje ló di fẹ́ńdà yẹn mú. Ọ̀kan ti dógùn-ún débi pé mo rò pé ó ti ta gbòǹgbò. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bẹ̀ ẹ́, mo da epo sí i, mo gbàdúrà lé e lórí, mo bú u, àfìgbà tí mo bú baba tó rọ ọ́ ló tó tú.

Orí fóònù tí o rà fún mi ni mo ti rí ẹni tó ń ta irú fẹ́ńdà náà. Fóònù ní kí n gbà sí òfin wọn, mo dìde dúró, mo ní mo gbà tọkàntọkàn, kò dáhùn. Fọ́ọ̀mù wá bèèrè pé ṣé ti òsì ni àbí ti ọ̀tún. Mo lọ dúró níwájú ọkọ̀, nítorí ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún, àgbà ni, èèyàn kì í sì í kọ ẹ̀yìn sí àgbà. Ibi tó bàjẹ́ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún mi, mo kọ ọ̀tún, mo sì ní kí wọ́n bá mi kí ará ilé wọn.

Fóònù ní ẹrù ti ń bọ̀ lọ́nà. Mo gbá ojúde, mo múra, mo jókòó dè é bí ẹni ń retí àna. Ó dé lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Mo gbé e sára ọkọ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní ẹ jọ̀ọ́ bàbá, láti ìjókòó awakọ̀ ni wọ́n ti ń ka òsì àti ọ̀tún ọkọ̀. Ọmọ mi, ó rẹ̀ mí. Mo kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń wo táyà, táyà náà ń wò mí.

Kó má baà ṣòfò, mo tú fẹ́ńdà ọ̀tún tí kò ṣe ẹnikẹ́ni, mo fi tuntun síbẹ̀. Ọ̀tún ló kọjú sí fèrèsé ilé ìdáná. Mo ní bí ìyá rẹ bá yọjú níbẹ̀, á gbà pé iṣẹ́ ti parí.

Láàárọ̀ Sátidé, onírin dé tòun ti okùn. Mo sá sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi. Ìyá rẹ jáde, ó yípo ọkọ̀ dé òsì, ó wo táyà tó wà níhòhò. Ó wá sọ fún ọkùnrin náà pé kó máa lọ, pé ẹni tó ni ín ṣì ń tún un ṣe lọ́wọ́. Ó bá mi lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù, kò rẹ́rìn-ín o. Ó ní láti ọjọ́ Wẹ́sìdeè lòun ti mọ̀, ó sì ní bí mo bá tún ra ti ọ̀tún, òun á ta èmi àti ọkọ̀ pọ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó fẹ́ńdà òsì ránṣẹ́. Èmi gan-an ni kó o fi ránṣẹ́ sí, má fi ránṣẹ́ sí báńkì, wọn ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹni tó máa yípo ẹ dé ẹ̀gbẹ́ tó bàjẹ́, tó sì máa sọ fún olùrà pé a ò tà á.

Èmi ni bàbá rẹ tí àárẹ̀ mú.