Omi Kòtò Àrọ̀

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù karùn-ún 2025

Búrò ò pè lónìí náà. Inú ìwé kàyé yìí nìkan ni mo ti ń pe Ṣàfíù ọmọ mi bẹ́ẹ̀ — láti kékeré ló ti ń sọ pé búrò, ọ́fíìsì, lòun máa jókòó sí, pẹ̀lú fáànù lórí. Ó sì jókòó sí i. Kútọnu, ilé-iṣẹ́ tó ń gba ẹrù ní èbúté, ṣẹ́ẹ̀tì tí èmi fúnra mi rán lọ́rùn rẹ̀. Àfi bí ààwẹ̀ ṣe parí tó di ẹrù rẹ̀, ó ní oko bàbá mi ní Oko-Akarè lòun ń lọ. Oko! Ibi tí mo sá kúrò kí àwọn ọmọ mi má baà di ọkọ́ mú.

Ọ̀gá rẹ̀ ṣe èèyàn. Ó ní àga rẹ̀ ṣì ṣófo, òun á dúró dè é títí Iléyá á fi kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí.

Ìyá Màríámù, ìyàwó mi, ní èmi ni mo fà á. Ó ní, Bàbá Màríámù, ta ló ń fi ìtàn oko dá wọn lẹ́kún nígbà tí wọ́n wà ní kékeré?

Ọjọ́rú, 14

Kò pè. Ejò pọ̀ lóko yẹn lásìkò yìí.

Jímọ̀, 16

Mo ti ìrun dé, mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, n kò rán nǹkan kan. Òjò kékeré kan ta sílẹ̀, òórùn ilẹ̀ dìde. Ó gbé mi lọ.

Kòtò Àrọ̀, ní oko bàbá mi. Ilẹ̀ dúdú tó máa ń lanu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn débi pé ẹsẹ̀ ọmọdé lè há síbẹ̀. Bí òjò bá wá pọ̀, omi á kún un, ẹja àrọ̀ á bá omi wọlé — láti ibo, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Gbogbo wa á tò sí bèbè, ìgèrè lọ́wọ́, ara wa á máa gbọ̀n, ojú wa á ti wà nínú omi tipẹ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tí wọ́n bí sí ilẹ̀ náà ló ní láti kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bàbá bàbá mi á ká ṣòkòtò, á ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ omi, á dúró, á wo ojú wa bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, àgbà yẹn! Kó tó wá wí pé: Ó yá. Ariwo! Ẹrẹ̀ dé ìpéǹpéjú. Èmi àti Fábọ̀dé ọ̀rẹ́ mi la máa ń di ìgèrè kan mú. Mo fi ìkórè àgbàdo ọdún kan dàgbà jù ú lọ, n kò sì jẹ́ kó gbàgbé rí.

Ìtàn tí mo sọ fún àwọn ọmọ títí tó fi wọ̀ wọ́n lára nìyí. Ìyá Màríámù ní: sòbìyà tí omi yẹn ń kó ràn yín ńkọ́? Ṣé ẹ sọ ti sòbìyà fún wọn?

N kò sọ ọ́. Ta ló ń sọ ti sòbìyà?

Ọjọ́ Ajé, 19

Fótò wọlé sórí fóònù pọ́tábù mi. Búrò, láìwọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó dúdú, ó rù, ó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀, ebè lọ bẹẹrẹ. Gbágùúdá — kí ni ì bá tún jẹ́? Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Pàpá, ẹ wo iṣẹ́ ọmọ yín.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo wá rí ọ̀pẹ tó wà lápá òsì. Ọ̀pẹ ọlọ́rùn wíwọ́. Mo ti gùn ún rí, mo ti já bọ́ lórí rẹ̀ rí. Kòtò Àrọ̀ ni ọmọ yìí kọ ebè sí! Ẹ̀ẹ̀rùn ló bá ibẹ̀, ó rí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó dúdú, ó lẹ́tù lójú — ta ni ò ní gbẹ́ ẹ? Gbágùúdá kì í gbé inú omi. Yóò jẹrà pátápátá.

Mo gbé ìka lé nọ́ńbà rẹ̀. Mo gbé e kúrò.

Mo kọ ọ́ sí i pé: Ó dára.

Ọjọ́bọ̀, 22

Èmi kọ́ ni mo ń rọ òjò.

Bí omi bá bo ebè rẹ̀, oko á sú u, á rántí àga rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lù ú, kò sẹ́ni tó bú u. Omi lásán ni. Bàbá wo ni kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀?

Mo tún ohun tí mo kọ yìí kà. Kò dùn-ún kà.

Àbámẹ́ta, 24

Fábọ̀dé, tó ṣì ń gbé lóko, yà sọ́dọ̀ mi láti ọjà Ikpinlè, ó ní kí n bá òun lẹ ìdí ṣòkòtò kan. Ó ní, Kàsímù Abẹ́rẹ́, ojú rẹ ti ń ṣú, arúgbó. Mo ní bàbá rẹ̀ ni arúgbó. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nínú àwa tó kù, ta ló jù? Àbí o ti gbàgbé àgbàdo rẹ? Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi jábọ́. N kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀.

Mo béèrè Búrò. Ó ní ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi pàṣán lé. Ó ti gun alùpùpù rẹ̀ tán kó tó béèrè pé kí lòun máa sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Mo ní kó bá mi kí i.

Abẹ́rẹ́ gún mi nírọ̀lẹ́. Ó tọ́ sí mi.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Páánù ń dún. N kò lè jẹun.

Ìyá Màríámù gbé àwo kúrò níwájú mi, ó jókòó, ó ní kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́: fótò, ọ̀pẹ, omi, ẹnu tí mo pa mọ́. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó kàn ní: bó bá padà sí Kútọnu, tó ń kí yín káàárọ̀, ojú wo lẹ máa fi dá a lóhùn?

Òjò ò dá.

Jímọ̀, 6

Iléyá. Màríámù àti ọkọ rẹ̀ dé láti Àjàṣẹ́, ilé kún fún ọmọ àti èéfín. Ọ̀gá Kútọnu pè, ó kí wa kú ọdún, ó ní òun á dúró de Búrò títí Ajé.

Búrò ò wá. Màríámù ní àbúrò òun sọ pé òun ò lè fi ibẹ̀ sílẹ̀, omi ti ń wọlé.

Ó ti mọ̀ nìyẹn. Ó ń du ebè rẹ̀. Òun nìkan nínú òjò, lọ́jọ́ ọdún — èmi sì jókòó, mo ń jẹ ẹran.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, mò ń lọ.

Àbámẹ́ta, 7

Ọlọ́kadà zẹ́mìjàn kan gbé mi dé ibi tí ọ̀nà ti di ẹrẹ̀. Ó ní, Bàbá, ẹ má bínú, taya mi kì í ṣe àgbẹ̀. Mo bọ́ bàtà. Ilẹ̀ dúdú yẹn gbá mi lẹ́sẹ̀ mú bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Bí mo ṣe ń fa ẹsẹ̀ yọ ni mò ń to ọ̀rọ̀ mi: ọmọ mi, mo mọ̀, n kò sì sọ.

Mo dé Kòtò Àrọ̀. Omi lọ salalu. Búrò jókòó sí bèbè pẹ̀lú Fábọ̀dé àti àwọn ará oko. Wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun. Kò sẹ́ni tó ń sunkún.

Mo ní gbágùúdá rẹ ńkọ́. Ó ní gbágùúdá wo? Ti òun wà lókè, lórí ilẹ̀ gíga. Ohun tí mo rí nínú fótò kì í ṣe ebè, ilẹ̀ tó hú jáde ni. Kòtò gígùn ló gbẹ́, bí àwọn ará etí odò Wẹ̀mẹ̀ ṣe ń gbẹ́ ẹ, kí ẹja lè dúró sínú wọn nígbà tí omi bá fà. Ó ní: Pàpá, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé ibí ni ẹja ń wọ̀?

Gbogbo bí mo ṣe ń retí pé kí omi lé e kúrò, omi yẹn náà lòun ń retí.

Ìgèrè wà nílẹ̀, ó gbẹ. Mo ní kí ló dé, ṣebí omi ti kún. Fábọ̀dé gbé ojú sí mi. Ó ní: arúgbó, nínú àwọn tí wọ́n bí síbí, ta ló jù?

Èmi ni wọ́n ń dúró dè. Láti àná. Mo ní kí ló dé tí wọn ò fi pè mí. Búrò ní òun mọ̀ pé bí mo bá ti gbọ́ òjò, màá wá. Ó ní ṣé mo rí ọ̀pẹ yẹn nínú fótò? Mo ní mo rí i. Kò béèrè ìdí tí n kò fi wí nǹkan kan. Ó wo ojú mi díẹ̀, ó gbé ìgèrè kan, ó fi etí rẹ̀ kan lé mi lọ́wọ́.

N kò rántí àga Kútọnu.

Mo ká ṣòkòtò ọdún mi. Mo ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ omi. Ó tutù. Nǹkan kan fi ìrù gbá mi ní kókósẹ̀, ó lọ. Gbogbo wọn ń wò mí. Eré ni mo rò pé bàbá bàbá mi ń ṣe, nígbà tó bá dúró bẹ́ẹ̀. Èmi náà dúró. Ọ̀rọ̀ tí mo tò bọ̀ lójú ọ̀nà, n kò tíì sọ ọ́ fún un.

Mo ní: Ó yá.