Ọjọ́ tí Eyín Ọbayẹmí Dákẹ́

                                                  Ilé Ọlánípẹ̀kun,
                                                  Àdúgbò Odòlú,
                                                  Kábà,
                                                  Ìpínlẹ̀ Kogí.
                                                  Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Hephzibah, ọ̀rẹ́ mi tó ti di ọmọ ìyá mi,

Okun o. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Ìlọrin? Emmanuel ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Ayọ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun gidi, àbí bísíkíìtì ló ṣì ń jẹ kiri ilé? Àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ ńkọ́? Gbogbo ohun tí o fi ránṣẹ́ nígbà ìsìnkú dé ọwọ́ wa, Màmá sì gbàdúrà fún ọ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ara tèmi le, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́ kọjá ohun tí mo lè fi ẹnu sọ.

O ti bi mí léraléra lórí fóònù pé irú ikú wo ló pa Ọbayẹmí, pé ṣé eyín lásán lè pa géńdé ọkùnrin. Mo mọ̀ pé ó ti ń ṣe ọ́ bíi pé mò ń sá fún ọ. Láti ìgbà tí àbúrò mi ti kú, Màmá kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ibi tí mo bá jókòó sí ni òun náà ń jókòó sí, mi ò sì fẹ́ kó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sínú lẹ́tà, tí mo sì fi rán Mary tí a jọ ń gbé àdúgbò.

Lẹ́yìn Àjíǹde ló bẹ̀rẹ̀. Omi tútù ló kọ́kọ́ ń ta á léyín, á ta á fìrì, á sì lọ. Yẹ̀yẹ́ la fi ṣe. Ìwọ náà mọ Ọbayẹmí tó ń fi eyín ṣí ìgò mínírà, tí kì í fi eegun sílẹ̀ fún ajá. Mo ní eyín rẹ̀ ti ń tọrọ ìsinmi. Nígbà tó yá, ohun gbígbóná ló wá di ọ̀tá rẹ̀. Bó bá mu ògì gbígbóná, ìrora á dé, kò sì ní lọ bọ̀rọ̀, á máa lù ú kìkì bíi pé ọkàn rẹ̀ ti kó wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá dùbúlẹ̀, ó tún burú sí i. Omi tútù tó ń sá fún tẹ́lẹ̀ ló wá ń tù ú lára. Nínú oko iṣu rẹ̀ lọ́nà Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ pàápàá, omi inú ọ̀rá kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀; á bù ú sẹ́nu, á sì di ẹnu mọ́ ọn.

Bí a bá ní kó nawọ́ sí eyín tó ń dùn ún, kò mọ̀ ọ́n. Lónìí á ní ti òkè ni, lọ́la á ní ti ìsàlẹ̀, lọ́jọ́ mìíràn á di etí mú. Màmá gbà pé etí ni, ó ń kán àdí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i. Nígbà tí oògùn ìrora kò ràn án mọ́, mo ní ká lọ bá dókítà eléyín ní Lọ́kọ́ja. A ti bá awakọ̀ sọ ọ́. Ní òwúrọ̀ tí à bá lọ gan-an, Ọbayẹmí jí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó mu ògì gbígbóná, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó mu omi tútù, kò ṣe é ní nǹkan kan. Màmá nà gbalaja sórí ilẹ̀, ó ń dúpẹ́.

Hephzi, a ò lọ sí Lọ́kọ́ja mọ́. Ọjọ́ Ìsinmi, a kó iṣu tuntun àti àkùkọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọbayẹmí jẹ́rìí níwájú ìjọ, ó ya ẹnu kí gbogbo wọn rí i, àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín. Màmá jó títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí mo tún dárúkọ dókítà nílé, ó ní ẹni tó bá jẹ́rìí tán tó tún gba ọsípítù lọ ti pe Ọlọ́run ní òpùrọ́. Bí Màmá bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ parí nílé wa nìyẹn.

Kò pẹ́ tó fi ń jẹun sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu. Lẹ́yìn náà ni nǹkan wú lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó sì ń fi aṣọ ìnura wé ọrùn kí a má bàa rí i. Lois ìyàwó rẹ̀ rí i, ṣùgbọ́n Ọbayẹmí bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún wa. Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ dúró níwájú ìjọ, báwo ni Màmá ṣe fẹ́ gbé ìtìjú náà. Ohun tó ń pa mí lẹ́kún jù nìyẹn, pé ó ń ro ìtìjú Màmá nígbà tí ikú ti wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí Lois fi máa figbe ta, ọrùn náà ti wú yíká, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, itọ́ pàápàá kò ṣeé gbé mì. A sáré gbé e lọ sí Lọ́kọ́ja. Wọ́n la ọrùn rẹ̀ kí ọyún lè jáde, wọ́n ṣe é títí. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló kú, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Lois.

Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí bóyá ìgbà kan wà tí ìrora náà dédé dáwọ́ dúró. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ ti ìdúpẹ́ fún un. Ó tẹ orí ba. Ó ní ẹran rírọ̀ kan wà nínú eyín, tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan wà nínú rẹ̀. Nígbà tí omi tútù ń ta á fìrì tó sì ń lọ, wọn ì bá ti dí ihò eyín náà lásán. Nígbà tí ohun gbígbóná ń mú ìrora tí kì í lọ wá, ẹran náà ti ń kú lọ nìyẹn; kì í sì í jẹ́ kéèyàn mọ eyín tó ń dùn ún, ó lè ta dé etí. Ó ní ṣe ni àwọn máa ń fi ohun tútù kan eyín lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn á kàn án kó-kó-kó, tí àwọn á ya fọ́tò rẹ̀, kí àwọn tó mọ èyí tó ń fa ìrora. Ọjọ́ tí ìrora lọ, ẹran náà ló kú pátá, òkú kì í sì í mọ ìrora. Ìjẹrà rẹ̀ wá gba gbòǹgbò eyín sọ̀ kalẹ̀ sọ́rùn. Ó ní ká ní a wá lọ́jọ́ yẹn, àwọn ì bá fọ inú eyín náà tàbí kí àwọn yọ ọ́, ì bá sì padà sílé rẹ̀.

Bá mi kí Emmanuel, fẹnu ko Ayọ̀ lẹ́nu fún mi, kí o sì kí àwọn ará ilé yín. Lois náà ń kí ọ, ó ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Láàárọ̀ àná, Màmá ń bó iṣu, ó dá ọ̀bẹ dúró. Ó kí mi, ó ní, “Okun, ọmọ mi. Ọjọ́ tí mo jó yẹn, ṣé àìsàn yẹn ti lọ lóòótọ́?” Mo ní, “Ó ti lọ, Màmá. Òmíràn ló dé.” Ó wò mí títí. Ó ní, “Hephzibah ń bọ̀ ní Kérésì. Òun kì í tàn mí. Màá bi í.” Jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi, bó bá bi ọ́, wò ó lójú, kí o sọ fún un pé ó ti lọ.

Tìrẹ ni mo jẹ́, nínú ẹkún àti nínú ẹ̀rín,

Ọmọ́ṣọlá.