Mo Ń Wá Olórí Àwọn Tata

Àtìní, 7 Oṣù Kẹta, 1983
Èmi nìkan ni mo lé àwọn tata kúrò nínú ẹ̀gẹ́ Àwáwù lónìí. Gbogbo wọn. — Ó dáa, kì í ṣe gbogbo wọn. Bóyá ẹ̀kún igbá kan. Àwọn yòókù ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń jẹun.

Opó àbúrò mi yìí, ẹ̀gẹ́ yẹn ni yóò jẹ títí òjò yóò fi dé. Bí ó bá bàjẹ́, ilé bàbá rẹ̀ ní Tẹ̀dé ló ń padà sí. Ta ni n ó wá máa fi ṣẹ̀fẹ̀?

Àlàrùba, 9
Adéwùmí ará àgíríìkì wá láti Ṣakí. Oníbọ̀sẹ̀ ni mo ń pè é. Ó ní kí a lọ ní ìdájí, nígbà tí òtútù bá kó wọn jọ sórí ewé tí wọn ò tíì níyẹ̀ẹ́, kí a gbọ̀n wọ́n sínú iná. Mo bi í bóyá ìbọ̀sẹ̀ ni a óò fi gbọ̀n wọ́n. Àwáwù fẹ́ ṣe é. Mo ní kó dúró ná: bí Fúlàní bá mú màlúù iwájú, ìyókù á tẹ̀ lé e. Tata náà á lólórí. N ó mú un.
Àwáwù dá mi lóhùn pé, "Tiyín ni mo gbọ́ o, Bàbá Àmúdà."

Àlàmísì, 10
Mo mú èyí tó wà níwájú. Òmíràn bọ́ síwájú. Mo mú ìyẹn náà.

Àtìní, 14
Mo dọ̀bálẹ̀ wò wọ́n. Àwáwù ní ṣé mò ń kí wọn ni.
Kò sí olórí. Ìkankan wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Èyí tó bá dúró, ti ẹ̀yìn á bù ú jẹ nídìí — ìyẹn ni gbogbo wọn fi ń sá, ti iwájú pàápàá. Díẹ̀ yà sọ́tùn-ún, gbogbo wọn yà, bí omi. Ó dùn ún wò, kí n má purọ́. Ẹ̀rù sì bà mí.

Jímọ̀, 18
Ewé tán. Èèpo igi ni wọ́n ń bó báyìí.

Àtàláátà, 22
A lọ ní ìdájí bí Oníbọ̀sẹ̀ ti wí. Wọ́n ti hu ìyẹ́. A gbọ̀n, wọ́n fò. Àwáwù kàn di ìgbálẹ̀ mú. Èmi náà ò rí ẹ̀fẹ̀ ṣe.

Jímọ̀, 25
Mo sọ ní mọ́sálásí pé Àwáwù lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀ ni, pé yóò padà.
Irọ́ ni. Ó kó ìkòkò rẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n máa jẹun dáadáa, ó wọ mọ́tò Tẹ̀dé. Ó fẹ́ gbọ̀n wọ́n nígbà tí wọn ò tíì lè fò. Èmi ni mo ní kó dúró. Ó sì dúró.