Ibi Tí Mílíọ̀nù Wà

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Mo ti fẹ́ pa lẹ́sìn tí Tíṣà ń ṣe fún àwọn olórí pípé lẹ́yìn ilé ìwé tì. Ọdún tí mo fi gbé oko ẹ̀gẹ́ ti dá mi padà sẹ́yìn.

Lónìí, Tíṣà na okùn látẹsẹ̀ wọn dé ìdí máńgòrò. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ni òdo, ìdí igi ni bílíọ̀nù, ká lọ dúró síbi tí mílíọ̀nù wà. Mo dúró láàárín. Mo ṣebí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni mílíọ̀nù àti bílíọ̀nù, wọn ò lè jìnnà síra. Ràfíù, ọ̀kan nínú àwọn olórí pípé náà, tó ń pè mí ní ará oko, wá dúró tì mí.

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ló ń jẹ́ bílíọ̀nù! Ẹ̀gbẹ́ bàtà mi níbí ni mílíọ̀nù wà."

Mo bi Ràfíù pé, "Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n?"

"Ìwọ ni mo tẹ̀lé, ará oko!"

Mo rẹ́rìn-ín délé. Mo ti sọ fún Màámi pé kí wọ́n má retí mi lóko lọ́la.