Èèpo Gbágùúdá Tí Mo Kọ̀

Abúlé Ìdí-Òro,
Lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, 1988.

Abọ́sẹ̀dé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé omi ẹ̀rọ ti ń yọ ní Sùúrùlérè, àbí ẹ ṣì ń lọ pọn ọ́n nílé kejì? Bí o bá bèèrè wa, a wà láàyè, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ eku lábẹ́ ewé kò ní gbàgbé rẹ láàárín èrò Èkó. Ìyá rẹ kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kó rìn díẹ̀díẹ̀. Ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì. Òrùlé ilé ìdáná jò, mo ti fi páànù àlòkù dí i.

Oṣù mẹ́fà rèé tí a ò rí ìwé rẹ. Mi ò bínú, torí èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́. Mo ti kọ́kọ́ fẹ́ fi fóònù sọ ọ́. Mo wọkọ̀ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n bá mi pe ọ́fíìsì yín ní Yábàá. Obìnrin kan gbé e, kò kí mi rárá, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, èló? Mo ní mi ò wá tajà. Ó tún ní, èló, èló? Mo wá rò pé ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ yín, pé iye adìẹ tó kú lẹ fẹ́ mọ̀, mo bá ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ó gbé e kalẹ̀. Ojú tì mí gan-an, torí gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi ló gbọ́.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. O rántí ìgbà tí o wálé lásìkò Àjíǹde. Àgbàdo ti wọ́n, nítorí ìjọba ní kò gbọdọ̀ wá láti òkè òkun mọ́, o sì bá mi níbi tí mo ti ń bù ú fún àwọn adìẹ àgíríìkì mi bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. O jókòó tì mí, o ní iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ní ọ́fíìsì yín nìyẹn, wíwá ohun tí ẹran ọ̀sìn lè jẹ tí kò ní máa bá ènìyàn du oúnjẹ. O ní kí n máa lo èèpo gbágùúdá, kí n fi ìgbẹ́ adìẹ sin ìdin, kí n yan ìdin náà, kí n lọ̀ ọ́ mọ́ ọn. O kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé fún mi, o sì tún mú fọ́ọ̀mù kan jáde tí ọ́fíìsì fẹ́ kí n kọ. Mo kọ ọ́ tọkàntọkàn. Níbi tí wọ́n ti ní kí a kọ mọ̀lẹ́bí tó sún mọ́ni jù lọ, mo kọ àkùkọ, torí òun ló ń bá àwọn adìẹ náà sùn. O rẹ́rìn-ín. Mo rò pé o ń fi mí ṣẹ̀sín ni.

Ibẹ̀ ni inú ti bí mi. Mo ní ṣé torí kí o lè wá kọ́ mi ní ìdin sísìn ni mo ṣe fi kẹ̀kẹ́ gbé ọ lọ sílé ìwé fún ọdún mẹ́fà. Mo ní ọmọ àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbé aṣọ wálé, tèmi gbé ìdin wá. Mo ju ìwé náà sí àgbàlá. O ò jẹ iyán tí ìyá rẹ gún, o he ìwé rẹ nílẹ̀, o gbé báàgì rẹ. Ọmọ ń gbé Sùúrùlérè, bàbá ni kò ní sùúrù.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, àgbàdo kò ṣe é rà mọ́. Àwọn adìẹ ń já ìyẹ́ ara wọn jẹ, wọn ò yé mọ́. Mo rántí ọ̀rọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́ kí n kọ̀wé bi ọ́. Mo ní kí ló tún wà nínú èèpo tí a ó kọ́? Mo lọ kó o ní tútù níbi tí wọ́n ti ń bó gbágùúdá, mo gé e wẹ́wẹ́, mo dà á fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ bí ẹni tí ọdún dé bá. Mo dúró ń wò wọ́n, inú mi dùn, mo rò pé èmi náà ti di ọ̀mọ̀wé. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n ti ń gbọ̀n, wọ́n ń ṣubú. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n kú nínú ogójì. Ìyá rẹ bá mi bu erùpẹ̀ bò wọ́n. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Lateefat, opó tó ń yan gàrí ní ìsàlẹ̀ abúlé, wá kí mi kú àdánù, ó mú ẹyin mẹ́fà dání. Ẹyin ńlá ńlá. Mo bi í pé kí ló ń fún adìẹ rẹ̀ jẹ. Ó ní èèpo ni, àti ìdin. Ó ní lọ́jọ́ tí o fi omijé kúrò nílé, o yà lọ́dọ̀ òun láti mu omi, o jókòó síbi ààrò gàrí, o sì kọ́ òun títí ọkọ̀ fi dé. O ní kí òun sá èèpo náà sóòrùn títí yóò fi máa dún kọrọkọrọ lọ́wọ́, torí oró wà nínú tútù rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé, oró wà nínú rẹ̀, o fẹ́ sọ ọ́ fún mi, mi ò ka ìwé rẹ, mi ò sì jẹ́ kí o sọ̀rọ̀ débẹ̀.

Mo bẹ Lateefat kó kọ́ mi. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin lọmọ yín wá kọ́. Èmi ló kàn bá pàdé lọ́nà.”

Mi ò lè jẹ ẹyin náà. Ìyá rẹ ló sè é.

Yẹ̀kínnì tó ń kó gàrí wá sí Oyíǹgbò ni mo fi ìwé yìí rán. Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, bá mi ra ìpara orúnkún fún ìyá rẹ, kí o sì fi owó epo ìdáná díẹ̀ lé e. Tèmi kì í ṣe owó. Adìẹ mẹ́sàn-án ló ṣẹ́kù. Mo ti sá agbọ̀n èèpo mẹ́rin sórí àpáta, mo ń yí i láràárọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí láti fún wọn, torí mi ò mọ̀ bóyá ó ti gbẹ tó. Wá bá mi fọwọ́ kàn án.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìmọ̀ rẹ di oúnjẹ tí ará ìta ń jẹ yó, tí ará ilé ń fi ebi sùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àkàngbé.