Abẹ́rẹ́ Tó Ń Họ Àwo Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ tó bọ́ bàtà, ẹ ka èyí. Sípíkà ńlá yín ti dé, àmọ́ ẹ má gbé àwo orin tí Màmá kọ kí wọ́n tó kú sórí ẹ̀rọ o! Ṣebí mo ní ká kọ́kọ́ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, ẹ ní sípíkà ló kàn. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Mo fi dígí tí mo fi ń tún aago ṣe wò ó láàárọ̀ yìí: ó ti kújú, ó ń họ ojú àwo. Mo ń sáré lọ ra òmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kí n tó wò ó, mo ti gbé àwo náà sí i lẹ́ẹ̀kan. Níbi tí Màmá ti rẹ́rìn-ín, tí wọ́n pe orúkọ yín, “ṣàà” nìkan ni mo gbọ́.

Àbúrò yín.