Ẹ̀gbọ́n Ni Kẹ́hìndé

Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Inú ń bí mi! Eré tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọ alágbára tó ń gba aráyé là ló dá ìjà sílẹ̀ nílé wa lónìí. Àwọn ìbejì mi so ìborùn mi mọ́rùn, wọ́n ń wò ó. Ìbejì wà nínú ikọ̀ náà pẹ̀lú. Nígbà tí ikọ̀ náà fẹ́ yan olórí, wọ́n ní èyí tí wọ́n kọ́kọ́ bí ni ẹ̀gbọ́n, kó máa ṣe é.

Táyé fò sókè: "Èmi lọ̀gá!"

Kẹ́hìndé já ìborùn sílẹ̀, ó sunkún wọ yàrá.

Bàbá wọn ń rẹ́rìn-ín. "Eré òyìnbó lásán ni, Ìyá Ìbejì." Kí ló pa á lẹ́rìn-ín? Gbogbo Ìlá ló mọ̀ pé Kẹ́hìndé ló rán Táyé kó lọ tọ́ ayé wò. Ṣé inú pálọ̀ mi ni tẹlifíṣọ̀n ti máa yí ìyẹn padà?

Mo ti dìde láti pa tẹlifíṣọ̀n nígbà tí apá kejì eré náà bẹ̀rẹ̀. Kẹ́hìndé sì pariwo láti yàrá: "Táyé, bá mi wò ó. Tó bá dára, kó o pè mí."

Táyé ní, "Ó dáa," ó jókòó.

Mi ò pa á mọ́.